Bàtà gọ́ọ̀fù aláwọ: ohun tí àwọn agbágọ́ọ̀fù ń bi mí jù ní Ìlọrin

Ní pápá, ní ṣọ́ọ̀bù, lórí fóònù, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá, títí kan ti àwọn tó ń wá gbá a láti Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. Mo kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣíwájú. Ẹni tó bá ti mọ ìyẹn lè fò ó.

Kí ni wọ́n ń pè ní bàtà gọ́ọ̀fù aláwọ ti àtijọ́?

Bàtà tó jọ èyí tí àwọn bàbá wa ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ni: awọ màlúù lókè, okùn tí à ń so, àtẹ́lẹ̀ tó le, tó sì ní ohun tó ń di ilẹ̀ mú, bíi sípáíkì, ìyẹn ìṣó tàbí kókó ṣóńṣó abẹ́ bàtà. Òmíràn ní ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ṣe ọnà sí imú rẹ̀. Òmíràn ní awọ tó ya wínniwìnni tó bo okùn mọ́lẹ̀. Òmíràn sì jẹ́ aláwọ̀ méjì, tí awọ dúdú tàbí pupa gba àárín bàtà funfun kọjá.

Ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nídìí irú bàtà yìí ni FootJoy, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1857 ní ìlú Brockton ní Amẹ́ríkà. ECCO ti Denmark, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963, náà ń ṣe é, awọ tí wọ́n fi ń ṣe é sì ń ti ọwọ́ àwọn fúnra wọn jáde. Ṣùgbọ́n orúkọ kọ́ ló ń gbé ẹsẹ̀ rìn.

Ṣé n kò lè fi kánfáàsì gbá gọ́ọ̀fù ni?

Ẹ lè fi gbá a. Òfin gọ́ọ̀fù kò sọ pé dandan ni kí ènìyàn wọ bàtà gọ́ọ̀fù. Kílọ́ọ̀bù ló lè ní òfin tirẹ̀ nípa aṣọ àti bàtà, nítorí náà ẹ bi akọ̀wé kílọ́ọ̀bù kí ẹ tó lọ náwó.

Kánfáàsì tí wọ́n ṣe fún eré sísá, ẹsẹ̀ tó ń lọ síwájú ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ bá fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, ara yín ń yí ni, ẹsẹ̀ iwájú sì ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Fóòmù gíga, rírọ̀ abẹ́ kánfáàsì á fì lọ fì bọ̀ lábẹ́ yín. Odindi eré kan, ìyẹn ihò 18, sì lè gbà yín ní ìrìn kìlómítà 8 sí 10, lórí gegele àti kòtò. Àfẹsẹ̀rìn ni gọ́ọ̀fù, ohun tó wà lẹ́sẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Sípáíkì irin, sípáíkì rọ́bà, tàbí aláìní sípáíkì: èwo ni kí n rà?

Ẹ gbàgbé ti irin. Láti àwọn ọdún 1990 sí 1999 ni ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù káàkiri ayé ti ń lé e kúrò ní pápá wọn nítorí bó ṣe ń ya koríko gíríìnì, ibi títẹ́jú tí ihò wà. Ìwé òfin àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù lágbàáyé, R&A àti USGA pàápàá ní òfin pápá kan, G-7, tí kílọ́ọ̀bù lè mú lò láti fòfin de irú bàtà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí bàtà àtijọ́ tó ní ìṣó lábẹ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú ihò rẹ̀ lè gba sípáíkì rọ́bà. Àwọn mìíràn lè gbà á.

Aláìní sípáíkì ni èyí tí wọ́n ṣe kókó rọ́bà kéékèèké mọ́ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Fred Couples, agbágọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, wọ irú rẹ̀ láti ọwọ́ ECCO ní ìdíje Masters ti 2010, láìwọ ìbọ̀sẹ̀ tó fojú hàn, ni gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó fúyẹ́, ẹ lè wọ̀ ọ́ wa mọ́tò wá láti ilé, kì í sì í gún ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ líle.

Ilẹ̀ wa níbí ni kí ẹ fi pinnu. Láti nǹkan bí Oṣù Kẹrin títí dé Oṣù Kẹwàá, òjò á máa rọ̀, ilẹ̀ pupa wa á di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà, àárín àwọn kókó kéékèèké yẹn á dí, bàtà á sì máa yọ̀ bí ọṣẹ. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ a le bí àpáta, aláìní sípáíkì á sì tó. Bí ẹ bá ní agbára ẹyọ kan péré, tí ẹ sì ń gbá a nígbà òjò, onísípáíkì rọ́bà ni kí ẹ rà. Tí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń sá wọlé bí ìkùukùu bá ti ṣú, ẹ ra aláìní sípáíkì, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀.

Lórí browns, ìyẹn yanrìn tí wọ́n fi epo pò tí àwọn pápá kan nílẹ̀ wa ń lò dípò koríko gíríìnì, kò sí èyí tí kò ní fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má wọ́ ẹsẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí kádì, ẹni tó ń bá yín gbé àpò, tẹ́ ẹ padà. Lórí gíríìnì oníkoríko, láti 2019 ni òfin ti gbà yín láàyè láti tún ojú bàtà tó wà lójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù yín ṣe.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé bàtà bá mi mu?

Ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò nírọ̀lẹ́, kì í ṣe láàárọ̀, torí ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bó ṣe máa wú lórí pápá náà nìyẹn. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ fi ń gbá gọ́ọ̀fù dání. Ẹ wọ méjèèjì, ẹ so okùn rẹ̀ dáadáa, ẹ dìde dúró. Ẹsẹ̀ kan sábà máa ń gùn ju èkejì lọ. Ẹsẹ̀ tó gùn ni kí ẹ fi ra bàtà.

Láàrin ọmọ ìka tó gùn jù àti imú bàtà, ó yẹ kó ku ààyè bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Gìgísẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa gòkè nínú bàtà tí ẹ bá ń rìn. Ibi tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀ jù lọ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ibi tí bàtà ti fẹ̀ jù, kí ibi tí bàtà ti ń ṣẹ́ sì jẹ́ ibi tí ọmọ ìka ti ń ṣẹ́ gan-an.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ yí ara lọ sẹ́yìn, ẹ yí i dé iwájú títí tí gìgísẹ̀ ẹ̀yìn á fi gòkè. Tí ẹsẹ̀ iwájú bá yọ́ nínú bàtà lọ sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí ẹ ti ń parí rẹ̀, ẹ bọ́ ọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Kí ẹ wá òkè àtẹ̀gùn tàbí ibi tó dagẹ̀rẹ́ kan, kí ẹ rìn sọ̀kalẹ̀: ọmọ ìka kò gbọ́dọ̀ kan imú bàtà. Ọlọ́jà lè máa kánjú. Ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti London. Nọ́ńbà wo ni kí n rán sí i?

Ẹ má rán nọ́ńbà nìkan. Nọ́ńbà 8 ti Gẹ̀ẹ́sì ni 9 ti Amẹ́ríkà fún ọkùnrin, ó sì sún mọ́ 42 ti Yúróòpù, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì kì í bára mu tán. Ti obìnrin tún yàtọ̀ pátápátá ní Amẹ́ríkà.

Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀ kó kan ògiri, ẹ fi gìgísẹ̀ ti ògiri, ẹ dìde dúró lé e, kí ẹlòmíràn fi bírò sàmì sí iwájú ọmọ ìka tó gùn jù àti sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níbi tó ti fẹ̀ jù. Bírò gbọ́dọ̀ dúró gangan, kó má tẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ wọn gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n lórí WhatsApp. Kí wọ́n bá yín béèrè pẹ̀lú bóyá ṣọ́ọ̀bù náà ń gba ọjà padà, kó tó di pé bàtà wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Kí ni ìtumọ̀ D, E, EE tó wà lára páálí bàtà?

Fífẹ̀ bàtà ni. Nínú bàtà ọkùnrin ti Amẹ́ríkà, D ni ti gbogbogbò, B tín-ín-rín, E àti EE fẹ̀, 4E sì fẹ̀ gidi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lo lẹ́tà tiwọn tó yàtọ̀, nítorí náà ẹ mọ ibi tí bàtà ti wá kí ẹ tó gbára lé lẹ́tà.

Ọ̀pọ̀ wa tó fi sílípáàsì àti ẹsẹ̀ lásán dàgbà, iwájú ẹsẹ̀ wa fẹ̀. Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń ṣe ni pé, bí 42 bá há ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n á ní kí wọ́n mú 43 wá. Bàtà yẹn á gùn jù, ibi tó ti ń ṣẹ́ á bọ́ síwájú ibi tí ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́, gìgísẹ̀ á máa gòkè, ẹsẹ̀ á sì lé ròrò. 42 tó fẹ̀ ni kí ẹ wá. Tí ọlọ́jà kò bá ní in, ẹ dúró dè é.

Wọ́n ní awọ máa ń nà. Ṣé kí n ra èyí tó há díẹ̀?

Awọ a máa nà ní fífẹ̀, díẹ̀. Kì í nà ní gígùn. Èyí tó rọra di ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mú láìdunni, ẹ lè gbà á. Èyí tó ń tẹ ọmọ ìka kékeré mọ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, pápá ni yóò ti pa yín.

Bàtà tuntun, ẹ fi rìn nínú ilé fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi gbá bọ́ọ̀lù ní ibi ìdánrawò, kí ẹ tó wọ̀ ọ́ rìn ihò 18. Ẹ má wọ bàtà tuntun lọ sí ìdíje.

Báwo ni mo ṣe máa dá awọ gidi mọ̀?

Ẹ wo etí rẹ̀ níbi tí wọn kò ti ká a, bíi inú ahọ́n bàtà. Awọ gidi ní irun wínniwìnni bíi òwú ní etí. Rọ́bà tí wọ́n fi ṣe ayédèrú a dán gbọrọrọ, tàbí kó ní aṣọ lẹ́yìn. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí bàtà: awọ gidi á hun kéékèèké, kò ní bára mu níbì kan sí èkejì, á sì padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣáná sí bàtà oníbàtà láti dán an wò. Mo ti rí i.

Bàtà tó wá láti Yúróòpù sábà máa ń ní àmì kékeré lábẹ́ tàbí lára páálí. Àwòrán awọ ẹran tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ túmọ̀ sí awọ. Awọ tó ní dáyámọ́ńdì nínú rẹ̀ jẹ́ awọ tí wọ́n fi ike bò lójú. Àwọ̀n ni aṣọ. Dáyámọ́ńdì nìkan ni ohun mìíràn, bíi rọ́bà. Àmì náà máa ń sọ ti òkè bàtà, ti inú rẹ̀ àti ti àtẹ́lẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí náà awọ lè wà lókè kó jẹ́ pé aṣọ ló wà nínú.

Inú bàtà ṣe pàtàkì fún wa ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Nínú oòrùn Ìlọrin, inú aláwọ a máa fa òógùn mu, aláṣọ tó dáa sì ń tètè gbẹ. Olóníke a máa se ẹsẹ̀.

Ṣé ó yẹ kí n ra èyí tí omi kì í wọ̀?

Awọ lásán kì í dá omi dúró fún ìgbà pípẹ́. Àwọn bàtà tí wọ́n ń pè ní èyí tí omi kì í wọ̀, yálà wọ́n fi oògùn sí awọ náà nílé ìṣẹ́, tàbí wọ́n fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bíi Gore-Tex sínú rẹ̀. Ó wúlò fún ìrì àárọ̀ àti koríko tútù. Ṣùgbọ́n òjò wa kì í ṣe ìrì. Tó bá rọ̀ gidi, ṣòkòtò àti ìbọ̀sẹ̀ ló máa gbé omi gba ọrùn bàtà wọlé, aṣọ tí kì í jẹ́ kí omi wọlé yẹn náà ni kò ní jẹ́ kó tètè jáde.

Ó tún máa ń gbóná sí i. Lójú tèmi, ẹni tó ń gbá a láàárọ̀ kùtù nígbà òjò ló yẹ kó san àfikún owó fún un. Ìwé ẹ̀rí ọdún 1 tàbí 2 tó bá a wá kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tó wà ní Ìlọrin tí ṣọ́ọ̀bù wà ní London.

Tòkunbọ̀ ńkọ́?

Ó dáa, mo sì fara mọ́ ọn, torí bàtà aláwọ tí wọ́n tọ́jú lè pẹ́ lẹ́sẹ̀ ju tuntun ayédèrú lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ojú lásán kì í rí. Ọ̀pọ̀ àtẹ́lẹ̀ bàtà ni wọ́n fi irú fóòmù kan ṣe, políyùrétéènì, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ìbáà jẹ́ pé kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Ooru ń mú kó yá. Bàtà lè wà nínú páálí fún ọdún púpọ̀, kó máa dán, kí ẹ wọ̀ ọ́ dé ihò kẹta, kí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ bí ègé àkàrà.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣẹ́ ẹ ní ibi tí ọmọ ìka ti ń ṣẹ́, kí ẹ wo àárín rẹ̀ bóyá ìlà wẹ́wẹ́ yọ. Ẹ fi èékánná tẹ fóòmù náà: tó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tàbí tó bu, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fa àtẹ́lẹ̀ àti awọ sọ́tọ̀ díẹ̀ ní imú, kí ẹ rí i bóyá góòmù ti tú. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí ìtẹ́sẹ̀ bá ti jin kòtò gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, kò ní jin bíi tiyín láé. Sípáíkì tó jẹ kì í ṣe wàhálà. Ojú ihò sípáíkì tó ti bàjẹ́ ni wàhálà.

Àwọ̀ wo ló dáa?

Funfun lẹ́wà nínú fọ́tò. Eruku pupa wa kò ní fi í sílẹ̀. Ẹ ra àwọ̀ búráùn tàbí dúdú, tàbí aláwọ̀ méjì tí imú àti gìgísẹ̀ rẹ̀ jẹ́ búráùn.

Ṣé bàtà lè mú kí bọ́ọ̀lù mi lọ jìnnà sí i?

Kò lè fi kún agbára yín, ṣùgbọ́n èyí tó ń yọ̀ lè dín in kù. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a, ìwúwo ara rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, lẹ́yìn náà á rọ́ sórí ẹsẹ̀ òsì, tí ẹsẹ̀ òsì á sì tẹ̀ sí etí rẹ̀ lóde. Bí ilẹ̀ bá yọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, tàbí tí ẹsẹ̀ bá yọ́ nínú bàtà, bọ́ọ̀lù á gba ibi tó wù ú lọ. Ibẹ̀ ni awọ tó nípọn ti ń borí: kì í nà bí aṣọ, ó ń mú ẹsẹ̀ dúró lórí àtẹ́lẹ̀.

Ẹ di imú bàtà mú lọ́wọ́ kan, gìgísẹ̀ lọ́wọ́ kejì, ẹ lọ́ ọ bí ẹni fún aṣọ. Kò yẹ kó lọ́ nírọ̀rùn, torí ó yẹ kí ohun líle kan wà nínú àtẹ́lẹ̀ láàrin. Ẹ tún ṣẹ́ ẹ: iwájú nìkan ló yẹ kó ṣẹ́. Èyí tó ṣẹ́ láàrin gbùngbùn kò dáa fún gọ́ọ̀fù, ẹ̀yìn yín ló sì máa sọ fún yín lálẹ́.

Aláwọ wúwo ju aláṣọ ìgbàlódé lọ, a kò lè jiyàn ìyẹn. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ gọ́ọ̀fù kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ihò 18 nínú oòrùn á mọ̀ ọ́n, kó wá aláwọ tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà dípò ti awọ.

Òjò pa bàtà mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má gbé e sí oòrùn, ẹ má gbé e sídìí sítóòfù. Awọ tó bá fi ìkánjú gbẹ á le, á sì là. Ẹ fi àkísà tútù nu ẹrẹ̀ kúrò, ẹ tú okùn, ẹ yọ ìtẹ́sẹ̀ síta, ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ẹ pààrọ̀ ìwé náà bó bá ti tutù. Ọjọ́ kejì ló máa gbẹ, nígbà mìíràn ọjọ́ kẹta, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ wọ bàtà aláwọ kan náà lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn tó bá gbẹ ni kí ẹ tó fi ìpara awọ àti pólíìṣì sí i. Ẹ má fi í sínú àpò gọ́ọ̀fù tàbí bùútù mọ́tò: á bu lábẹ́ òjò, góòmù rẹ̀ á sì tú lábẹ́ ooru. Nígbà ọyẹ́ tí ètè wa ń là, awọ náà ń là. Ẹ máa fi ìpara sí i léraléra ju ti ìgbà òjò lọ.

Ṣé mo lè fi òrí pa á?

Àwọn àgbà wa ń fi òrí pa awọ, ó sì ń rọ̀ ọ́. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó ń sọ awọ tó mọ́ di dúdú, tó bá sì pọ̀ jù, ó ń kó eruku jọ, awọ á rọ̀ débi pé kò ní lè di ẹsẹ̀ mú mọ́. Lórí bàtà dúdú tó ti gbẹ kan-kan, díẹ̀ lórí àkísà kò burú. Lórí èyí tí omi kì í wọ̀, ẹ má dán an wò.

A máa ń ki ìrun láàrin eré. Ṣé àlùwàlá kì í ba bàtà jẹ́?

Omi ẹsẹ̀ ló ń ba inú rẹ̀ jẹ́, kì í ṣe àlùwàlá fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tútù bọ inú bàtà aláwọ, tó tún rìn ihò mẹ́sàn-án sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀, á lé ròrò, àárín ọmọ ìka á sì máa yún un. Ẹ fi tówẹ̀lì kékeré sínú àpò, ẹ nu àárín ọmọ ìka gbẹ, kí ẹ sì ní ìbọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹ tú okùn dáadáa kí ẹ tó bọ́ ọ. Fífi ẹsẹ̀ kan tẹ gìgísẹ̀ èkejì bọ́ bàtà, torí pé ìmáàmù ti fẹ́ gbé ìrun, ló ń sọ ẹ̀yìn bàtà di sílípáàsì.

Ìgbà wo ni mo máa pààrọ̀ sípáíkì?

Tí ẹ bá ti gbá ihò 18 bíi ìgbà 15 sí 20, ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Ilẹ̀ líle ń tètè jẹ wọ́n, títì ọ̀dà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ẹ má wọ̀ wọ́n rìn lọ ra súyà. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹsẹ̀ lè dúró déédéé.

Kì í ṣe gbogbo sípáíkì ló ń wọ gbogbo bàtà. Ọ̀nà tí sípáíkì gbà ń dè mọ́ bàtà pọ̀: èyí tí wọ́n ń pè ní Fast Twist yàtọ̀ sí PINS, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí èyí tó ní ìdí irin. Ẹ tú ẹyọ kan, ẹ mú un lọ sí ọjà. Kí ẹ tó tú u, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó gbọn yanrìn inú rẹ̀ dànù. Yanrìn yẹn ló ń mú kó há títí tí orí rẹ̀ á fi ṣẹ́.

Ṣé kí n ní kí aránbàtà rán etí rẹ̀ yíká kí n tó wọ̀ ọ́?

Àṣà wa ni, ó sì dáa fún bàtà ọ́fíìsì. Fún bàtà gọ́ọ̀fù, ẹ wò ó kí ẹ tó ṣe é. Tí etí àtẹ́lẹ̀ bá gòkè bo awọ, tó nípọn, tí bàtà kò sì jẹ́ èyí tí omi kì í wọ̀, ẹ lè rán an. Tó bá jẹ́ èyí tí omi kì í wọ̀ ni, ihò abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún omi. Góòmù tó dáa ni kí aránbàtà fi sí i tó bá ti ń ṣí.

Èyí tí wọ́n rán nílé ìṣẹ́ pẹ̀lú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí etí bàtà ká, èyí tí wọ́n ń pè ní Goodyear welt, òun ni aránbàtà lè tú àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kó fi tuntun sí i láìfọwọ́ kan awọ òkè. Ó wọ́n, ó wúwo, ó sì lè pẹ́ gan-an. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni ojú ihò sípáíkì: àtẹ́lẹ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní in, àwọn aránbàtà wa kì í sì í ní in nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ á sọ ọ́ di aláìní sípáíkì ni, pẹ̀lú rọ́bà oníkókó.

Àtọ̀gbẹ ń ṣe mí. Ṣé mo lè wọ aláwọ?

Ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó rà á, pàápàá tí ẹsẹ̀ bá ti ń kú tipiri. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ìrora mọ́ lè rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ fún ihò 18 láìmọ̀, egbò bẹ́ẹ̀ kì í sì í tètè jinná. Ẹ kò gbọ́dọ̀ máa fara da ìrora títí bàtà tuntun á fi bá ẹsẹ̀ mu rárá. Kí ó fẹ̀, kí iwájú rẹ̀ ga, kí inú rẹ̀ má ní ojú abẹ́rẹ́ tó yọ.

Ẹ máa ki ọwọ́ bọ inú bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ní gbogbo ìgbà. Ìbọ̀sẹ̀ funfun ni kí ẹ lò, torí ẹ̀jẹ̀ á hàn lára rẹ̀. Tí ẹ bá délé, ẹ wo àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀. Bí ẹ kò bá lè tẹ̀, kí Ìyá ilé tàbí ọmọ bá yín wò ó.

Ṣé awọ ẹlẹ́dẹ̀ kò sí nínú rẹ̀?

Ó lè wà níbẹ̀, pàápàá nínú bàtà, níbi tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti bo inú. Àmì awọ tí mo sọ lókè kì í sọ irú ẹran tó jẹ́. Ẹ wo awọ inú náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀: ojú ihò irun ẹlẹ́dẹ̀ sábà máa ń tò ní mẹ́ta-mẹ́ta, bí ẹsẹ̀ ààrò mẹ́ta. Ti màlúù wẹ́wẹ́, ó sì tò káàkiri. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi ọ̀dà bo ojú rẹ̀, ojú kò ní ríran rí i.

Ẹ wo ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ nípa bàtà náà. Ibi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé awọ màlúù ni tòde-tinú, ọ̀rọ̀ tán. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kó ra èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ aṣọ. Ní ti ohun tí ẹ̀sìn sọ, ọ̀dọ̀ Àáfà ni kí ẹ lọ; bàtà ni mo mọ̀.

Ṣé aránbàtà níbí lè ṣe é fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ó lè ṣe aláìní sípáíkì tó dáa. Awọ wà, a sì lè rí i rà láti Kánò. Ẹ yẹra fún awọ tí wọ́n fi èso igi bàgàrúwá ṣe lásán fún òkè bàtà yìí, torí omi á dá àbàwọ́n sí i. Ẹ béèrè awọ tí wọ́n fi oògùn kúróòmù ṣe.

Ẹ mú bàtà kan tó ti bá yín mu dání, kì í ṣe fọ́tò. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ irin pẹlẹbẹ tàbí ike líle láàrin àtẹ́lẹ̀, pé kó má fi páálí ṣe ìtẹ́sẹ̀ torí òógùn á sọ ọ́ di ẹ̀kọ, àti pé ẹ fẹ́ kó rán an, kì í ṣe góòmù nìkan. Rọ́bà oníkókó tí wọ́n ń gé fún bàtà iṣẹ́ á ṣe é, ṣùgbọ́n kí kókó rẹ̀ má ga jù, kí kílọ́ọ̀bù má baà lé yín kúrò lórí gíríìnì.

Kó tó fi àtẹ́lẹ̀ sí i, ẹ lọ wọ òkè rẹ̀ wò lórí ìdúró. Ìgbà yẹn nìkan ló ṣì lè tú u kó fẹ̀ ẹ́ láìgba owó mìíràn lọ́wọ́ yín, ẹ sì jẹ́ kí ìyókù owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi wọ̀ ọ́.